Bí a ṣe ń múra de àyẹ̀wò owó ìrànwọ́ fún ọkọ tàbí aya tó ń ṣàìsàn líle

Ẹ̀yin ará wa ní Sapele Road àti gbogbo àdúgbò tó yí i ká nílùú Bìní, bí ọkọ tàbí aya bá ti dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù mélòó kan, ìgbà kan á dé tí owó ọwọ́ á tán, tí wọ́n á ní kí ẹ lọ rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wò ó bóyá ìrànwọ́ tọ́ sí yín. Ìjókòó yẹn lè má pẹ́ rárá, àmọ́ ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ níbẹ̀ ló máa sọ bóyá ìtọ́jú á máa lọ tàbí á dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi to ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Níbo ni owó ti lè wá?

Ilé ìwòsàn UBTH ní Ugbowo, tó ti wà láti ọdún 1973, ni àìsàn líle máa ń gbé ọ̀pọ̀ wa dé. Láti Sapele Road, ẹ máa wọ ọkọ̀ dé Ring Road, kí ẹ tó wọ ti Ugbowo. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí à ń pè ní social welfare. Iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn tí kò rówó san. Ẹ tètè lọ bá wọn, kí gbèsè tó ga ju orí lọ.

Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní kó wá fọ ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti dín owó ẹ̀ẹ̀kan kù láti 50,000 náírà sí 12,000 náírà ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, UBTH sì wà lára wọn. Ìyẹn ni pé ẹni tí ì bá máa san 150,000 náírà lọ́sẹ̀ á máa san 36,000. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà nínú iye yẹn.

Ní ti jẹjẹrẹ, ìjọba àpapọ̀ ní ètò kan tó ń jẹ́ Cancer Health Fund fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ọrùn ilé ọmọ, tàbí ti prostate tó ń ṣe àwọn ọkùnrin. UBTH wà lára ilé ìwòsàn mẹ́fà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Adójútòfò ìlera náà wà. Òfin NHIA ti ọdún 2022 sọ pé kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ní in. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ni òfin wí, kò béèrè ọmọ onílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "àlejò ni wá" kó wá jókòó sílé. Ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó náà ní ètò tirẹ̀. Bí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, NHIA rẹ̀ bo ẹnì kejì rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó yáwó kiri. Ilé ìwòsàn tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé tó máa gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ìwé tí ẹ máa kó dání

1. Ìwé tí dókítà kọ, tó dárúkọ àìsàn náà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ìtọ́jú tó kù.
2. Èsì àyẹ̀wò gbogbo, látorí ti àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn.
3. Rìsíìtì oògùn, ti ilé ìwòsàn, àti àkọsílẹ̀ owó ọkọ̀.
4. Nọ́ńbà NIN àti fọ́tò pélébé ti ẹ̀yin méjèèjì, àti káàdì adójútòfò bí ó bá wà.
5. Ohun tó fi iye tó ń wọlé hàn: ìwé owó oṣù, ti báńkì, tàbí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà.
6. Ìwé owó ilé, owó ilé ìwé ọmọ, àti gbèsè tó wà nílẹ̀.
7. Lẹ́tà ẹgbẹ́ tó sọ pé a mọ̀ yín, àti ibi tí ẹ ń gbé.

Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ máa kọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ

Fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ta ló gbé e dìde? Ẹ̀ẹ̀melòó ló jí lóru? Ṣé ó dá wẹ̀? Kí ló jẹ? Oògùn wo ni kò lò nítorí pé owó kò sí? Ọjọ́ wo ló ṣubú? Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀yin kò lè ṣí ìsọ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó máa jókòó tì í? Bí ẹ kò bá mọ̀wé, kí ọmọ bá yín kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ yẹn kò sùn nílé yín, ìwé yìí ló máa fi rí òru yín.

Ẹ má fi "a dúpẹ́" bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Wọ́n á béèrè pé báwo ni ara aláìsàn, ẹ̀yin á ní, "A dúpẹ́ o, ara ti ń yá." Àṣà wa ni, a kì í pe ibi mọ́ra ẹni. Àmọ́ ẹni tó ń kọ̀wé á kọ ọ́ pé ara ti ń yá, ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn. Ọkọ míì sì wà tí kò ní fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ìyàwó òun ló ń wẹ òun. Kí tọkọtaya ti bá ara wọn sọ ọ́ nílé kí ọjọ́ tó pé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ẹ wá sọ ọjọ́ tó le jù bó ṣe rí gan-an. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò. Irọ́ kan ṣoṣo lè ba gbogbo òótọ́ yòókù jẹ́.

Lọ́jọ́ náà fúnra rẹ̀

Ẹ mú ẹnì kan dání, pàápàá bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́, kó wá ẹni tó máa bá yín lọ. Bí aláìsàn bá lè sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tó dá yín lóhùn àti ọjọ́ tó ní kí ẹ padà wá. Bí ẹnì kan bá sì ní kí ẹ fún òun lówó lábẹ́lẹ̀ kí òun fi bá yín ti fáìlì síwájú, ẹ má fún un.

Bí wọ́n bá ní rárá

Ẹ má bínú jáde. Ẹ béèrè ohun tó fà á, àti ìwé tí kò pé. Bí àìsàn bá tún le sí i, ẹjọ́ tuntun nìyẹn, ẹ padà lọ pẹ̀lú ìwé dókítà tuntun. Bí wọ́n bá hùwà tí kò tọ́ sí yín, SERVICOM ni ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2004 láti gbọ́ ẹ̀sùn nípa àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ẹ rántí ara yín náà. Ẹ jẹun, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ará dúró dè yín fún wákàtí díẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ wá sípàdé, kí ẹ sọ ọ́. Ká jọ gbé e.