BÍ ÀGBÀ BÁ ṢUBÚ: LÁTI FOXBORO 1994 DÉ ATLANTA 1996

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ fi òwe yìí tú lónìí, nítorí pé bí wọ́n bá ti dárúkọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1994 ní họ́sítẹ́lì wa, gbogbo wa máa ń di ọmọdé ni. "Rẹfirí ló pa wá!" "Orí ló bá Baggio ṣe é!" Ọ̀rọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí kóòṣì ṣe àti ohun tí kò ṣe.

Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Fídíò ni mo fi wo ìfigagbága náà, mo sì ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bírò àti ìwé lọ́wọ́, bí a ṣe máa ń tú ewì ní kíláàsì Yorùbá wa, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí bọ̀ ọ́. Clemens Westerhof, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gba iṣẹ́ kóòṣì Super Eagles ní 1989. Nígbà tí yóò fi di 1994, bọ́ọ̀lù tó kọ́ wọn ti yé gbogbo ayé: ẹ na pápá gbọọrọ. Finidi George a dúró sápá ọ̀tún, Emmanuel Amunike a dúró sápá òsì, lẹ́bàá ìlà funfun. Rashidi Yekini a wá dúró láàárín bí òpó ilé. Bí àwọn ẹ̀yìn ọ̀tá bá sáré lọ bá Finidi, àyè ṣí fún Yekini. Bí wọ́n bá rọ̀gbà yí Yekini ká, Finidi ti lọ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù yìí la fi gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tunis, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1994. Zambia ló kọ́kọ́ gbá wọlé, Amunike dá a padà, ó tún fi ọ̀kan lé e. 2 sí 1.

Òfin pàápàá ń gbè lẹ́yìn ẹni tó bá ń lọ síwájú lásìkò yẹn. Láti 1992 ni wọ́n ti ní kí aṣọ́lé má fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù tí ẹni tirẹ̀ bá fẹsẹ̀ gbá sẹ́yìn fún un mọ́. Amẹ́ríkà 1994 sì ni Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àkọ́kọ́ tí ẹni tó borí ti ń gba pọ́ìǹtì 3 dípò 2. Ẹ wo àyípadà tó mú wá: ní Ítálì 1990, góòlù 115 ló wọlé nínú ìfigagbága 52, ní Amẹ́ríkà, ìfigagbága 52 náà ni, góòlù 141 ló wọlé.

Ìgbà yẹn bá wa lára mu. A na Bulgaria ní 3 sí 0. Ajẹntínà ló tẹ̀ lé e. Samson Siasia gbá tiwa wọlé ní ìṣẹ́jú 8, àmọ́ kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, Caniggia ti gbá méjì wọlé, fúríkíìkì ló sì bí méjèèjì. Ní ti ìkejì, àwọn tiwa ò tíì to ara wọn tán tí Maradona ti yára fi bọ́ọ̀lù fún Caniggia. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: a ṣíwájú, a sì sùn. A na Gíríìsì ní 2 sí 0, a ṣe ipò kìíní ní gúrúùpù, ariwo ayọ̀ sì bo ìkìlọ̀ yẹn mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ 5 oṣù keje ni a pàdé Ítálì ní Foxboro. Ní ìṣẹ́jú 25, Amunike gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ní ìṣẹ́jú 75, rẹfirí fún Zola ní káàdì pupa, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ìṣẹ́jú 15 tó wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú rẹfirí, ṣé kì í ṣe rẹfirí kan náà ló lé Zola jáde ni? Ènìyàn 11 ń bá ènìyàn 10 gbá, 1 sí 0, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Kí ló wá dé?

Ẹ wo ìpààrọ̀. Òfin ọdún náà ò gbà ju ìpààrọ̀ 2 lọ, àyàfi ẹ̀kẹta tó jẹ́ ti aṣọ́lé nìkan. Daniel Amokachi jáde kí abala kìíní tó parí, Mutiu Adépọ̀jù wọlé. Lẹ́yìn ìsinmi, kí wákàtí kan tó pé, Amunike náà jáde, Thompson Oliha wọlé. Ẹni méjì tó ń sáré síwájú jáde, ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn wà láàárín ló rọ́pò wọn. Pápá tá a nà gbọọrọ láti Tunis ti ká wọlé. Yekini wá ku òun nìkan níwájú. Ọwọ́ kóòṣì sì ti ṣófo, kò lè pààrọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, bó bá tilẹ̀ di àfikún àkókò.

Nígbà tí Ítálì ku ènìyàn 10, ọgbọ́n tó kù ni ká tún na pápá, ká jẹ́ kí wọ́n máa sáré nínú oòrùn títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi wúwo. Àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀. A ń gbá a síhìn-ín, a ń gbá a sọ́hùn-ún, bí ẹni ń fi aṣọ tuntun han ará ọjà. Nínú ẹkẹ, ẹni tó bá gbé ọ̀tá sókè tó ń wojú òǹwòran, kò ní pẹ́ tí apá yóò fi ro ó. Ní ìṣẹ́jú 88, Mussi gba apá òsì wa wọlé, apá tí Amunike ti kúrò gan-an, ó yí bọ́ọ̀lù sí Roberto Baggio. Peter Rufai nà tán, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ní ìṣẹ́jú 102, wọ́n gbé Benarrivo ṣubú, Baggio gbá pẹnárítì wọlé. 2 sí 1. Ẹ kú àmúmọ́ra.

N ò ní Westerhof ò gbọ́n o. Láìsí i, a ò ní dé Foxboro. Ohun tí mò ń sọ ni pé ṣíṣíwájú lọ́tọ̀, ṣíṣọ́ ohun tá a gbà lọ́tọ̀. Ẹnì kan tó rí ọjọ́ yẹn láti ìtòsí ni Bonfrere Jo, igbákejì Westerhof. Ní 1996, òun ló kó àwọn ọmọ wa lọ sí Òlíḿpíìkì Atlanta. Ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 23 lọ ni, àmọ́ wọ́n gba àgbà 3 láyè. Amunike, Amokachi àti Uche Okechukwu ló mú. Ẹ fi Jay-Jay Okocha àti Sunday Oliseh kún un, ènìyàn 5 tó gbá bọ́ọ̀lù ní Foxboro ló tún wà níbẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù keje, Bùràsíìlì Zagallo. Ní ìsinmi, 3 sí 1 ni wọ́n fi ń nà wá. Okocha gba pẹnárítì lẹ́yìn ìsinmi, Dida mú un. Ẹlòmíì ì bá ti di ẹrù. Ikpeba gbá ọ̀kan wọlé ní ìṣẹ́jú 78. Ní ìṣẹ́jú 90, Kanu, tó kẹ̀yìn sí ojúlé, fẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù sókè, ó yí padà, ó sì tì í wọlé. 3 sí 3. Òfin góòlù oníwúrà wà nígbà náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá wọlé nínú àfikún àkókò ti borí. Ní ìṣẹ́jú 94, Kanu parí ọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Bùràsíìlì ló gbé ọ̀tá sókè tí kò dá a.

Àṣekágbá wá dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ajẹntínà ṣíwájú wa, ẹ̀ẹ̀mejì la lé wọn bá. Ìṣẹ́jú 90 ni a gba fúríkíìkì. Àwọn ẹ̀yìn Ajẹntínà sáré jáde lápapọ̀ kí wọ́n lè fi àwọn tiwa sílẹ̀ nínú ọfsáìdì. Amunike dá dúró síbẹ̀, ó gbá a wọlé. 3 sí 2, góòlù wúrà Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí Áfíríkà gbà nínú bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fi ìgbàlà ara rẹ̀ sí ẹnu fèrè rẹfirí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ tún ka góòlù wa: 7 ló wọlé nínú ìfigagbága méjèèjì, 5 nínú wọn wọlé láti ìṣẹ́jú 74 lọ. Ìṣẹ́jú tó pa wá ní Foxboro la fi jẹun ní Atlanta.

Ẹ̀kọ́ náà ò tán síbẹ̀. Stephen Keshi, balógun ikọ̀ 1994, ò wọ pápá lọ́jọ́ Ítálì. Ó wò ó ni. Ní 2013, òun ni kóòṣì wa ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní South Africa. Sunday Mba, tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí, gbá ọ̀kan wọlé fún un ní àṣekágbá, ní ìṣẹ́jú 40. 1 sí 0, bíi ti Foxboro. Lọ́tẹ̀ yìí kò bọ́.

Ìdí tí mo fi kọ eléyìí ò le. Yekini kú ní 2012, Oliha ní 2013, Keshi ní 2016, Rufai ní 2025. Àwọn tó mọ ibi tí bàtà ti ta wá lẹ́sẹ̀ ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí "rẹfirí ló pa wá" bá jẹ́ gbogbo ohun tá a gbà lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún méjì yẹn ti ṣòfò nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin kóòṣì ẹ̀ka ẹ̀kọ́ gbogbo tẹ́ ẹ ń múra ife ẹ̀yẹ wa, bẹ́ ẹ bá ti ń ṣíwájú ní 1 sí 0, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kó ìpààrọ̀ yín tán, ẹ má sì yọ ẹni tó wà lápá òsì.