Ẹ̀rù Ẹni tí ó Kọ́kọ́ Fi Ẹ̀jẹ̀ Tọrẹ: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn rẹ̀ ní Àyíká Èbúté Kirikiri

1. Ìfáàrà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ẹ̀rù tí ó máa ń ba ẹni tí ó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn kan gbà pé àìmọ̀kan ló fà á. Èrò tiwa ni pé ẹ̀rù náà ní ìtàn, ó sì ní ìdí. Àpẹẹrẹ wa ni àyíká Kirikiri Lighter Terminal, ní apá Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, níbi tí agbára apá ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

2. Abẹ kò ṣàjèjì

Yorùbá ń kọlà, wọ́n sì ń sín gbẹ́rẹ́, nítorí náà abẹ kọ́ ni olórí ẹ̀rù. Bí a bá sín gbẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yóò jáde kí oògùn lè wọlé. Ẹni tí a sín in fún ni ó ni àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí a gbà sínú àpò ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí olùfúnni kò mọ̀.

3. Gbèsè àti ọrẹ

Ní 1901 ni Karl Landsteiner fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pín sí oríṣiríṣi. Ní 1921, Percy Lane Oliver bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olùyọ̀ǹda jọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ilé ìwòsàn tiwa, àwọn ẹbí aláìsàn ni a sábà máa ń ní kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ padà. Nígbà tí ìyàwó lóyún, tàbí tí ìbátan wà lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ, ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin kọ́kọ́ pàdé abẹ́rẹ́ náà. Gbèsè ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá san; ọkàn onígbèsè kì í sì í balẹ̀.

Ní 1975, ọkọ̀ òkun tí ó kó sìmẹ́ńtì dí ojú omi Èkó. Lighter Terminal wà lára ohun tí a kọ́ láti dín irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ kù. Ní ọdún kan náà, Àpérò Ìlera Àgbáyé rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti gbé ètò ẹ̀jẹ̀ ka orí ìyọ̀ǹda láìgbowó. Nígbà tí a kéde àrùn éèdì ní Nàìjíríà ní 1986, ẹ̀rù náà di méjì. Ẹni tí ó ń bèèrè tẹ́lẹ̀ pé, ‘Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi kò ní í tán?’ wá ń bèèrè pé, ‘Kí ni wọn yóò rí nínú rẹ̀?’ Ní 2021 ni òfin dá àjọ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ láti máa bójú tó ètò ẹ̀jẹ̀.

4. Ara àti owó iṣẹ́

Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bí lítà 5. Nǹkan bí mìlílítà 450 ni a máa ń gbà. Omi inú rẹ̀ a padà láàrin ọjọ́ kan sí méjì, èròjà pupa a sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òòyì máa ń kọ ẹni àkọ́kọ́ ju ẹni tí ó ti fúnni rí lọ. Omi mímu àti ìdùbúlẹ̀ a máa ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan wà tí ó kan alágbàrù gan-an: kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò gbẹ́rù kò sì ní í gbowó. Ẹ̀rù tirẹ̀ kì í ṣe ti ojo, ìṣirò ni.

5. Ìkádìí

A rí i pé ẹ̀rù mẹ́ta ni ó wọnú ara wọn: ti ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ti ohun tí àyẹ̀wò yóò tú síta, àti ti owó òòjọ́. Ìwàásù nìkan kò lè lé wọn. Kí a ṣàlàyé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ, kí a pa àṣírí àyẹ̀wò mọ́, kí a sì yan ọjọ́ tí alágbàrù kò ní í pàdánù iṣẹ́. Nígbà náà ni a lè retí pé ẹni tí ó wá lẹ́ẹ̀kan yóò tún padà wá.