Àwòṣe Ìfun Ènìyàn àti Àrùn Onígbáméjì

Àwọn àgbà a máa wí pé inú ènìyàn jìn. Ọ̀rọ̀ ìwà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníṣègùn pẹ̀lú. Nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ Nàìjíríà ní òpin ọdún 1970, agbègbè Èkó ni ó ti kọ́kọ́ fara hàn. Ní Ìpájà, ìlú Àwórì tí kànga wà ní ọ̀pọ̀ agboolé rẹ̀, ọ̀rọ̀ omi mímu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Báwo ni àrùn yìí ṣe ń pa ènìyàn? Robert Koch, ará Jámánì, rí kòkòrò rẹ̀ ní Íjíbítì àti Íńdíà ní ọdún 1883 àti 1884, ṣùgbọ́n kò rí ẹranko tí ó lè kó àrùn náà ràn. Kò sì ṣeé ṣe láti la ikùn ènìyàn alààyè wò. Ohun tí yóò dúró fún ìfun ènìyàn ni ó kù tí àwọn ọ̀mọ̀wé yóò máa wá.

Sambhu Nath De, ará Calcutta, so ìfun ehoro ní ojú méjì, ó fi kòkòrò náà sí àárín, ibẹ̀ sì kún fún omi. Ní ọdún 1959 ó sẹ́ kòkòrò kúrò, ó fi omi tí wọ́n ti gbé inú rẹ̀ nìkan sí i. Ìfun tún kún. Oró ni kòkòrò náà ń tú jáde, oró náà a sì máa fa omi ara jáde láìba ìfun jẹ́. Nítorí èyí, ìfun ṣì lè gba ṣúgà; ṣúgà a fa iyọ̀ wọlé, omi a sì tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyí tí omi oníyọ̀ àti ṣúgà fi ń gba aláìsàn là, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣègùn ti fi hàn ní Dhaka ní ọdún 1968.

Síbẹ̀, ehoro kì í ṣe ènìyàn. Ní ọdún 2011, àwọn ọ̀mọ̀wé Utrecht, ní ilẹ̀ Netherlands, bu díẹ̀ lára ìfun ènìyàn, wọ́n tọ́ ọ nínú àwo, ó sì di ìfun kékeré. Ní ọdún 2016, ní Houston ní Amẹ́ríkà, norovirus, kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru tí ó ti kọ̀ láti hù nínú yàrá àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, hù nínú irú ìfun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfun àwọn kan kọ̀ ọ́, nítorí ohun tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ òbí wọn.

Ara ẹni tí a ti bu àwòṣe ni àwòṣe ń ròyìn. Bí a bá ń bu gbogbo rẹ̀ lára àwọn ará òkèèrè, a kò ní mọ ohun tí kòkòrò inú kànga Ìpájà ń ṣe nínú ìfun ọmọ Ìpájà.