Ìtàn Áṣáà ní Etíkun Èkó

Àgbà tí ó bá bu áṣáà lé àtẹ́lẹwọ́, tí ó sì fi í há abẹ́ ètè ìsàlẹ̀, kì í sábà rántí pé ohun àjèjì ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé tábà ti wá. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń tọ́ka sí "tabaco" àwọn Potogí. Òwò ẹrú ni ó sọ ọ́ di ọjà pàtàkì ní Èkó.

Pierre Verger ṣe àlàyé òwò yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1964. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, ewé tí ó dára jù ni wọ́n ń kó lọ sí Lisbon. Èyí tí kò dára tó, tí ìjọba Potogí kò fẹ́ kí ó wọ ìlú wọn, ni wọ́n yọ̀ǹda pé kí wọ́n máa kó wá sí etíkun tí ó ti Wídà dé Èkó. Wọn a lọ́ ewé náà bí okùn, wọn a fi oyin ìrèké pa á lára, wọn a ká a, wọn a sì fi awọ màlúù dì í. Oyin ìrèké tí wọ́n fi bo àléébù ewé náà ni ó sọ ọ́ di ààyò ní etíkun, tó bẹ́ẹ̀ tí tábà ibòmíràn kò fi rọ́wọ́ mú. Ewé tí wọ́n kọ̀ ní Lisbon ni wọ́n wá fi ń ra ọmọ ènìyàn.

Ní 1851 àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Àdéhùn 1854 fi Palma sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí èbúté. Ní 1863 ó fi Palma àti Lẹ́kkí lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. (Lẹ́kkí ti ìgbà náà jìnnà síhà ìlà-oòrùn àdúgbò tí à ń pè ní Lẹ́kkí Phase 1 lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí òkun kan náà ni àwọn méjèèjì wà.) Òwò ẹrú kú, ṣùgbọ́n tábà Bahia kò bá a kú: epo pupa ni wọ́n wá ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ní Èkó.

Lílọ̀ ni wọ́n ń lọ ewé gbígbẹ di áṣáà, wọn a sì po káún mọ́ ọn. Káún yìí kì í ṣe adùn lásán. Òun ni ó ń tú agbára tábà sílẹ̀ kíákíá. Àwọn kan ń fín in símú, àwọn mìíràn ń fi í sẹ́nu, wọ́n ní ó ń wo ehín dídùn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìgá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1937, àwọn ọ̀dọ́ gba ti sìgá, áṣáà sì di ti àwọn àgbà.

Àìní èéfín ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú kéré ewu rẹ̀. Ní 2007, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìdájọ́ rẹ̀ jáde pé tábà tí a kì í fi iná sí ń fa jẹjẹrẹ ẹnu. Òfin tábà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 kò yọ áṣáà sílẹ̀: ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ rà á.