Bí a ṣe lè yan ohun èlò ọ̀fẹ́ fún gbígba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀

Bí a bá fẹ́ fi fídíò kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń lo áàpù kan, ohun èlò tó ń gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ la nílò. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀: òmíràn á fi àmì tirẹ̀ sára fídíò wa, òmíràn á sì dá àkókò lé wa.

OBS Studio, tó jáde ní ọdún 2012, kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ṣùgbọ́n ó gba kíkọ́ díẹ̀. Fún iṣẹ́ kékeré, ohun tó wà nínú ẹ̀rọ wa ti tó:

• Windows 10: ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, Alt àti R pọ̀. Áàpù kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan.
• Mac: ẹ tẹ Shift, Command àti 5 pọ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ti WhatsApp pa, ká má sì tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wa lójú fídíò. Ká kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú kan dán an wò, ká gbọ́ bóyá ohùn wa wọlé.