Máàpù Kan àti Ìtẹ́ Ọba Pọtogí

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Ìjọba àwọn ọba Pọtogí gbé ọlá ara rẹ̀ ka orí ilẹ̀ tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ náà bọ́, ọlá bá a lọ.

Láti ìgbà ìdìde ọdún 1820 ni àwọn ará Pọtogí ti ń bèèrè pé kí ọba wọn máa jọba lábẹ́ òfin. Ní 1822, Brazil, tí ọrọ̀ wọn ti ń wá, gba òmìnira. Àńgólà àti Mòsáńbíìkì ni ojú wọn wá yí sí. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ ní Lisbon kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà. Ní 1836, ìjọba fi òfin de kíkó ẹrú jáde ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí. Síbẹ̀ òwò náà kò dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àlàfo tí ó wà láàárín ìwé àti ìṣe yìí ni ó bí máàpù tí mo ń wí. Lẹ́yìn ìpàdé Berlin ti 1884 sí 1885, Pọtogí bá Faransé àti Jámánì ṣe àdéhùn ní 1886. Wọ́n so máàpù kan mọ́ àdéhùn náà, wọ́n sì fi àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kun ilẹ̀ láti Àńgólà dé Mòsáńbíìkì, láti òkun dé òkun. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ àárín náà ni a ń pè ní Zambia, Zimbabwe àti Malawi lónìí. Lóòótọ́, Capello àti Ivens ti rìn ín já, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba inú oko olóko kọjá kò tí ì di olóko. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn ìjòyè Makololo ní àfonífojì odò Shire.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń dù ú. Ní 1889, àwọn ọmọ ogun Serpa Pinto bá àwọn Makololo jà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1890, ìjọba Lord Salisbury fi ìkìlọ̀ ìkẹyìn ránṣẹ́ sí Lisbon pé kí wọ́n kó ọmọ ogun wọn kúrò níbẹ̀ àti ní ilẹ̀ Mashona. Ọba Carlos kò tí ì lo oṣù mẹ́ta lórí ìtẹ́. Ìjọba rẹ̀ gbà. Ìbínú gba ìgboro, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà sì ṣubú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ológun kan dìde ní Porto láti lé ọba. Wọ́n ṣẹ́gun wọn.

N kò sọ pé máàpù nìkan ni ó wó ìtẹ́. Gbèsè wà níbẹ̀, ìjà àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1890 ni àwọn tí kò fẹ́ ọba mọ́ ti rí ohun tí wọn yóò máa tọ́ka sí. Ní 1908, wọ́n yìnbọn pa Carlos àti àrólé rẹ̀ ní Lisbon. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1910, ìjọba ọba dópin. Àwọn àgbà wa ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kì í ṣe ọba nìkan ni ó jìyà rẹ̀. Àdéhùn tí Pọtogí àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1891 fi ààlà sí àárín àwọn tí wọn kò bèèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Títí di òní, àwọn Chewa wà ní Malawi, ní Zambia àti ní Mòsáńbíìkì. Àwa tí a mọ bí Kétu ṣe bọ́ sí òdìkejì ààlà kò lè ka ìtàn yìí bí ìtàn àjèjì.