BÍ RÉLÙWÉÈ ṢE GBÉ WA DÉ MINNA

Bí ọmọdé bá bi wá léèrè ohun tó gbé wa dé Minna, ìdáhùn wa kò jìnnà: ojú irin ni.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Èkó. Ní 1901 ó wọ Ìbàdàn. Ó gba Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, ó sì kan odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Ìjọba Òkè Ọya náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti Baro ní 1907, ó sì dé Kano ní 1911. Minna ni méjèèjì ti pàdé. Ní 1912 ni a sọ wọ́n di ọ̀kan. Síbẹ̀, ọkọ̀ omi ló ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá ní Jẹ́bà títí afárá fi parí ní 1916.

Àwọn Gbagyi ni onílẹ̀. Oríta rélùwéè yìí ló sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá. Ọkọ̀ tó ń gbé obì lọ sókè ń gba ibẹ̀, èyí tó ń gbé ẹ̀pà bọ̀ láti Kano náà ń gba ibẹ̀. Àwọn baba wa ṣe akọ̀wé, gáàdì àti awakọ̀. Wọ́n da èédú síná, wọ́n tún ojú irin ṣe. Àwọn ìyá wa tẹ̀lé wọn, wọ́n sì ń tajà.

Lónìí, ọkọ̀ kò lọ bọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́, àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ náà sì ń dín kù. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ orúkọ àti iṣẹ́ wọn sílẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Ọmọ tí kò mọ ọ̀nà tí baba rẹ̀ gbà wọ̀lú, ẹlòmíràn ni yóò máa pìtàn ilé rẹ̀ fún un.